Ẹ Jókòó Ná, Kí Ẹ Tó Gé Àjà

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn dá lé: sípíkà inú àjà, èyí tó ń mú kí ìró fíìmù máa ti òkè wá. Ẹnì kan ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹnì kan ti ra sípíkà tán, ó ku ibi tí yóò lu sí. Mo sún àwọn ìbéèrè yòókù di oṣù tó ń bọ̀ kí n lè ráyè dáhùn ìwọ̀nyí bó ṣe yẹ. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń to sípíkà sínú ilé àwọn èèyàn, ihò inú àjà ló sì máa ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Sípíkà tí a gbé kalẹ̀, a lè sún un. Ihò kò ṣeé sún.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Pálọ̀ wa gùn ní mítà 6, ó fẹ̀ ní mítà 4.5, láti ilẹ̀ dé àjà sì jẹ́ mítà 2.8. Tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri kan, àga wa fẹ̀yìn ti ògiri kejì tó kọjú sí i. Ẹni tó ń bá wa ṣe àjà ní òun máa fi sípíkà mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi 50 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí ògiri, kó lè bá àwọn gílóòbù iná dọ́gba. Ọkọ mi ní ó dára. Ọkàn mi kò gbà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é?* — Ìyàwó tó ń kọ́lé lọ́wọ́

Àbúrò mi, ọkàn yín ò tàn yín. Ojú ni ẹni tó ń ṣe àjà fi ṣe ìwọ̀n, ojú ló sì fẹ́ kí sípíkà àti gílóòbù tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Etí la ó fi gbọ́ ọ, etí ló yẹ ká fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Bí àga bá fẹ̀yìn ti ògiri, orí ẹni tó jókòó máa fi nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí ògiri náà. Etí rẹ̀ á fi nǹkan bíi mítà kan ga sílẹ̀; láti etí dé àjà wá ku mítà 1.8. Sípíkà méjì tó wà ní igun iwájú á fi mítà 4.9 wà níwájú rẹ̀. Ohun tó jìnnà tó báyẹn, tó sì jẹ́ pé mítà 1.8 péré ló fi ga ju etí lọ, nǹkan bí 20 dígíríì ló fi gòkè lójú etí. Ìyẹn kì í ṣe orí. Iwájú ni. Gbogbo ìró tó bá ti ibẹ̀ jáde máa lẹ̀ mọ́ èyí tó ń ti ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n jáde, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ẹ fi ohunkóhun sí àjà. Méjì ẹ̀yìn ńkọ́? Àwọn á wà lókè orí yín gẹ́lẹ́. Nítorí náà, bàlúù tó yẹ kó ti iwájú fò kọjá lórí yín lọ sẹ́yìn á kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, á fò já àárín pálọ̀ láìdún, á wá bẹ́ sí yín lórí.

Kí ọ̀rọ̀ igun yìí lè yé wa dáadáa, ẹ na apá yín síwájú gbọọrọ bí ẹni ń tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n. Ibẹ̀ ni òdo. Ẹ gbé apá náà sókè tààrà: 90 nìyẹn. Ẹ fọkàn yàwòrán pé ó ré kọjá títí ó fi kọjú sí ògiri ẹ̀yìn: 180. Dolby, ilé iṣẹ́ tó gbé Atmos, ìlànà ohùn tó ń lo sípíkà orí, wọ ilé sinimá ní 2012, tó sì mú un wọ ilé àwa aráàlú ní 2014, fi ìwọ̀n rẹ̀ lélẹ̀ báyìí: bí sípíkà orí bá jẹ́ mẹ́rin, kí méjì iwájú wà láàárín 30 sí 55 dígíríì, kí méjì ẹ̀yìn wà láàárín 125 sí 150. Bó bá jẹ́ méjì péré, kí wọ́n wà láàárín 65 sí 100, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi díẹ̀ ṣíwájú orí tàbí kí wọ́n wà lókè rẹ̀ gan-an. Èmi fẹ́ràn 45 fún iwájú, torí pé kò nílò ìṣirò kankan: bí àjà bá ṣe ga ju etí yín lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni kí sípíkà ṣe jìnnà síwájú yín. Mítà 1.8 sókè, mítà 1.8 síwájú.

Ọ̀nà méjì ló wá wà fún yín. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ fa àga kúrò lára ògiri. Bí orí yín bá fi mítà 2.1 jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn, ẹ fi sípíkà iwájú sí mítà 1.8 níwájú orí, ẹ fi ti ẹ̀yìn sí mítà 1.4 lẹ́yìn orí. Ti ẹ̀yìn náà á ṣì fi 70 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí ògiri, èyí tó dára, torí sípíkà tó bá lẹ̀ mọ́ ògiri jù, ògiri á máa da ìró rẹ̀ padà sí i, ọ̀rọ̀ á sì dàrú mọ́ etí lọ́wọ́. Ní ti ọ̀tún àti òsì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú sípíkà méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹ bá fi mítà 3 sáàárín àwọn wọ̀nyẹn, ti àjà á fi 75 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí ògiri ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Bí àga kò bá lè kúrò lára ògiri, ẹ má ra mẹ́rin. Ẹ ra méjì tó dára, ẹ fi wọ́n sí ibi tó fi 30 sí 80 sẹ̀ǹtímítà ṣíwájú orí yín, kí ẹ fi owó méjì tó kù kún ti sípíkà àárín, èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo mọ̀ pé mẹ́rin dùn ún sọ létí àlejò. Ṣùgbọ́n méjì tó wà ní ààyè rẹ̀ máa mú inú yín dùn ju mẹ́rin tó ṣìnà lọ.

Mo sọ èyí torí pé èmi náà ti jẹ̀bi rẹ̀ rí, nínú ilé tí èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Àjà ti parí kí àga tó dé. Mo fọkàn yàwòrán ibi tí àga máa wà, mo gé ihò mẹ́rin. Nígbà tí àga dé, ó tóbi ju bí mo ṣe rò lọ, ẹnu ọ̀nà kò sì jẹ́ ká gbé e síbi tí mo fọkàn sí. Ó fi mítà kan bọ́ sẹ́yìn. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, òjò rọ̀ nínú fíìmù tí à ń wò. Iwájú wa ló rọ̀ sí. Ó dà bí ìgbà téèyàn dúró lójú fèrèsé tó ń wo òjò níta, bẹ́ẹ̀ orí wa la fẹ́ kó rọ̀ lé. Mo dí ihò méjì, mo gé méjì míì. Títí di òní, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, mo máa ń rí àpá ibi tí mo dí. Àlejò kì í rí i. Èmi ń rí i.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ ká gbé àkàbà wọlé kí àga tó wọlé, mo sì fi ìmọ̀ràn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí àga kò bá tíì dé, á gbé àpótí ìjókòó sí ibi tí àga máa wà, á jókòó sí i, àwa á wá fi téèpù wọn ilẹ̀ dé ihò etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó so nǹkan wúwo kékeré kan mọ́ okùn, a ó mú orí okùn mọ́ àjà, a ó máa sún un títí ohun tó wúwo náà á fi kan ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀. Ibi tí okùn bá ti kan àjà la ó fi pẹ́ńsù sàmì sí. Àtibẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti ara ògiri.

Kí ẹ tó gé, ẹ ṣe ohun kan sí i fún mi. Kí ẹnì kan gun àkàbà, kó gbé sípíkà kékeré kan mọ́ ojú àmì náà, kó fi ìró òjò tàbí ẹyẹ sí i. Ẹ̀yin ẹ jókòó, ẹ dijú, ẹ fi ìka tọ́ka sí ibi tí ẹ rò pé ìró náà ti ń wá. Lẹ́yìn náà ẹ lajú. Bí ìka yín àti sípíkà bá jìnnà síra gan-an, ẹ sún un kí ẹ tún un gbọ́. Etí wa mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì dáadáa, torí pé etí kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ìró sì máa ń dé ọ̀kan ṣáájú èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ṣùgbọ́n a kò ní etí kan lókè orí àti ọ̀kan nísàlẹ̀. Ewé etí wa, pẹ̀lú gbogbo kọ́lọ́kọ̀lọ̀ inú rẹ̀, ló ń ràn wá lọ́wọ́ láti mọ òkè, ìró tín-ín-rín nìkan ló sì lè fi ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní òjò àti ẹyẹ, tí mi ò fi ní béèsì.

Ìkẹyìn lórí èyí: kí ayùn tó wọ àjà, ẹ lu ihò kékeré kan ná, ẹ ki wáyà líle tí ẹ tẹ̀ lórí bọ̀ ọ́, ẹ yí i po. Bó bá kan igi, páìpù tàbí wáyà iná, ẹ ti mọ̀. Igi àjà kì í yà fún ẹnikẹ́ni. Bó bá dí ọ̀kan lọ́nà, ẹ sún èyí tó kọjú sí i lápá kejì ní iye kan náà, kí ọ̀tún àti òsì má baà yàtọ̀.

*Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó mi kò fẹ́ rí sípíkà kankan nílẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣé a lè kó gbogbo rẹ̀ sínú àjà, ti iwájú, ti ẹ̀gbẹ́ àti ti òkè?* — Ẹni tó fẹ́ kí ilé rẹ̀ mọ́ láwòyanu

Fún orin tí ẹ fẹ́ máa gbọ́ bí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ilé, kò sóhun tó burú ńbẹ̀. Fún sinimá, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é.

Ẹ wo àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára páálí, bíi 5.1.4. Márùn-ún yẹn ni sípíkà tó yẹ kó wà ní ìwọ̀n etí: iwájú mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ méjì. Ọ̀kan ni súbúwúfà, sípíkà ńlá tó ń gbé béèsì nìkan. Mẹ́rin ni ti òkè. Ohun tó ń jẹ́ kí òkè jẹ́ òkè ni pé nǹkan wà nísàlẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ti wà nínú àjà, òkè kò sí mọ́, àjà kan tó ń pariwo ló kù. Èyí tó tún dùn mí jù ni ti ọ̀rọ̀ ẹnu: ẹ ń wo ètè òṣèré lójú tẹlifíṣọ̀n, ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti orí yín. Ẹ lè rò pé ó ti mọ́ yín lára lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ọpọlọ ṣì ń ṣe làálàá láti so ohùn yẹn pọ̀ mọ́ ojú yẹn, ó sì ń rẹ̀ yín láìmọ ìdí.

Sípíkà inú ògiri wà. Ó pẹlẹbẹ, ojú rẹ̀ tẹ́jú pẹ̀lú ògiri, ẹ sì lè kun ìbòrí rẹ̀ ní àwọ̀ ògiri yín. Ẹ fi mẹ́ta síwájú, kí twítà wọn, ẹ̀yà kékeré tó ń mú ohùn tín-ín-rín jáde, wà ní ìwọ̀n etí ẹni tó jókòó. Ẹ fi méjì sí ògiri ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n fi díẹ̀ wà lẹ́yìn ìlà etí yín. Wọ́n lè fi díẹ̀ ga ju etí lọ kí orí ẹni tó jókòó tì yín má baà dí wọn. Ìyàwó yín kò ní rí ohunkóhun nílẹ̀ àyàfi súbúwúfà, ìyẹn sì lè wà lẹ́yìn àga. Bí ẹ bá ń kun ìbòrí, ẹ kọ́kọ́ yọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fọ́n ọ̀dà náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Ọ̀dà tó bá dí àwọn ihò kéékèèké yẹn, ohùn tín-ín-rín ló dí.

Bí ògiri ẹ̀gbẹ́ bá jẹ́ gíláàsì, tí kò sí ọ̀nà míì rárá, ẹ lè fi sípíkà ẹ̀gbẹ́ méjì sínú àjà, irú èyí tí ojú rẹ̀ dà sí apá kan, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí àga. Ṣùgbọ́n nígbà náà kí ẹ gbàgbé sípíkà òkè. 5.1 gidi dára ju 5.1.4 orúkọ lásán lọ.

*Mo rí sípíkà inú àjà mẹ́rin tó kù níbi iṣẹ́ ilé ìtajà ńlá kan, wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Mo so wọ́n mọ́ risífà mi, ohùn wọn kò jáde, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Ṣé wọ́n ti bàjẹ́ ni? Tí mo bá sì fẹ́ ra tuntun, kí ni kí n máa wò?* — Aráa yín tó ti lu ihò tán

Wọn ò bàjẹ́. Sípíkà ilé ìtajà àti gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n, irú èyí tó ń lo ìlà 100 fóltì (volt) tàbí 70. Wọ́n fi tiransifọ́mà kékeré sẹ́yìn rẹ̀ kí wáyà kan ṣoṣo lè gbé ọ̀pọ̀ sípíkà lọ jìnnà. Risífà ilé, ẹ̀rọ tó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo sípíkà yín, kò mọ irú ìyẹn. Ẹ yí ọ̀kan wò lẹ́yìn: bí ẹ bá rí bọ́tìnnì kékeré tó ṣeé yí, tí wọ́n kọ iye wáàtì yí ká, ẹ wò ó bóyá ibì kan wà tí wọ́n kọ 8 óòmù sí. Bó bá wà, ẹ yí i síbẹ̀, ohùn á jáde. Bí kò bá sí, ẹ dá wọn padà fún ẹni tó fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti tuntun, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni bí ìró rẹ̀ ṣe ń fẹ́ tó. Sípíkà inú àjà kọjú sí ilẹ̀, ẹ̀yin sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó kọjú sí. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ lè fọ́n ohùn tín-ín-rín jáde dé nǹkan bí 45 dígíríì sí ẹ̀gbẹ́ láìjẹ́ kó rọ. Èyí tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí twítà rẹ̀ ṣeé yí, kí ẹ yí i kọjú sí àga. Mo fẹ́ràn èyí tí twítà rẹ̀ wà láàárín wúfà, ẹ̀yà ńlá tó ń mú ohùn tó jinlẹ̀ jáde, torí pé ibì kan ṣoṣo ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde, ibi yòówù kí ẹ jókòó sí. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n fi twítà méjì sí, tó ń gba wáyà ọ̀tún àti òsì pa pọ̀. Wọ́n ṣe é fún yàrá kékeré tí àyè sípíkà kan ṣoṣo wà, kò wúlò fún iṣẹ́ tiwa.

Ínǹṣì mẹ́fà àtààbọ̀ tó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mẹ́jọ dẹ́rù bà yín. Risífà ni kí ẹ sọ fún pé kó kó ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 80 Hz, ìyẹn béèsì, fún súbúwúfà, iṣẹ́ súbúwúfà ni. Ẹ wo jíjìn rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì wọn àyè tó wà lókè pátákó àjà. Mo ti rí ẹni tó ra sípíkà tó jìn ju àyè àjà rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí ti ilé iṣẹ́ tó ṣe sípíkà iwájú yín, ẹ mú un, ohùn wọn á jọra nígbà tí nǹkan bá ń rìn láti iwájú gba òkè lọ sẹ́yìn.

Ẹ ka ìlà risífà yín náà, ìyẹn iye sípíkà tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà láìka súbúwúfà. Oníméje máa gbé 5.1.2, onímẹ́sàn-án máa gbé 5.1.4, 7.1.4 sì nílò mọ́kànlá. Wáyà oníwọ̀n 1.5 mm² tó fún ibi tí kò ju mítà 15 lọ. Bó bá jìn jù bẹ́ẹ̀, ẹ lo 2.5. Ẹ má jẹ́ kó bá wáyà iná ilé rìn pọ̀. Bí wọ́n bá máa pàdé, kí ọ̀kan dábùú èkejì.

Kí ẹ tó ti sípíkà wọ ihò, ẹ mú bátìrì 1.5 fóltì, ẹ fi kan ìpẹ̀kun wáyà tó wà nídìí risífà fìrí, kí wáyà má tíì wọ risífà o. Bí orí bátìrì bá kan pupa, wúfà gbọ́dọ̀ fò síta. Bó bá fò wọlé, wáyà ti yí padà níbì kan. Sípíkà kan tó yí padà láàárín mẹ́rin máa da gbogbo òkè rú, ẹ̀yin á máa bú sípíkà tí kò ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá ń dè é, apá kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin máa yọ síta láti di àjà mú. Ẹ fi ọwọ́ yí ìdè rẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ oníná tó ń yí ìdè sílẹ̀. Mo ti gbọ́ bí pátákó àjà ṣe ń ya lábẹ́ ẹ̀rọ yẹn. Ìró náà kò dùn létí.

*Ọmọ wa kékeré ń sùn nínú yàrá tó wà lókè pálọ̀. Ṣé sípíkà inú àjà kò ní máa jí i?* — Ìyá ọmọ

Ó máa jí i, bí ẹ bá kàn lu ihò tí ẹ ti sípíkà bọ̀ ọ́. Bí wúfà ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ló ń tì í sẹ́yìn, ẹ̀yìn náà sì ni ilẹ̀ yàrá ọmọ yín. Ẹ ra àpótí ẹ̀yìn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo iye lítà tí ẹni tó ṣe sípíkà náà ní ó fẹ́. Àpótí tó bá há jù máa ń jẹ́ kí ohùn wú. Ẹ tẹ́ òwú òkúta (rock wool), irú èyí tí kì í jóná, sí àyè àjà tó yí i ká. Àpótí yìí ní iṣẹ́ kejì tó ṣe pàtàkì ju ti ohùn lọ: pátákó àjà tó wà láàárín ilẹ̀ àti òkè ló ń dá iná dúró kó má tètè gòkè, ihò tí ẹ gé sì ti já a. Ẹ béèrè fún ìbòrí ẹ̀yìn tí wọ́n ṣe fún iná ní pàtó. Lórí èyí, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni dúnàá dúrà, níbi tí ọmọ ti ń sùn lókè.

Béèsì ló máa ń gba inú ilẹ̀ kọjá jù, súbúwúfà ló sì ti ń wá. Ẹ gbé e ka orí fóòmù tó nípọn, kí ẹ tan ìlànà alẹ́ (night mode) inú risífà. Bí kò bá sì wù yín láti gé àjà rárá, sípíkà kan wà tó ń dojú kọ òkè láti orí sípíkà iwájú, tó ń ta ìró lu àjà kó lè ta padà sí yín. Àjà gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kó le, kó wà láàárín mítà 2.3 sí 4.3. Kò tó èyí tó wà nínú àjà gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ á sùn dáadáa.

*Ẹ̀gbọ́n wa, bàbá mi ti pé 74. Wọ́n fẹ́ràn fíìmù gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ohun tí àwọn òṣèré ń sọ mọ́, a ó gbé ohùn sókè títí ilé á fi máa mì. Mo fẹ́ fi sípíkà méjì sínú àjà lókè àga wọn gẹ́lẹ́, kí ó sún mọ́ etí wọn. Àga wọn wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Sípíkà àárín wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lókè tẹlifíṣọ̀n.* — Ọmọ bàbá rẹ̀

Ẹ ṣeun tí ẹ rántí wọn. Nínú gbogbo lẹ́tà oṣù yìí, tiyín ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ má gé àjà. Sípíkà òkè kì í sábà sọ̀rọ̀. Òjò, ẹyẹ, bàlúù, orin ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá fi méjì sókè orí bàbá yín, ariwo tó ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ fi kún un. Bí etí bá ń dàgbà, ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ máa ń lọ, ibẹ̀ sì ni *s*, *f*, *ṣ*, *t* àti *k* wà. Ohùn dò-re-mi inú ọ̀rọ̀ ṣì ń dé etí wọn, torí ìyẹn wà nísàlẹ̀ dáadáa. Wọ́n ń gbọ́ pé ẹnì kan ń béèrè nǹkan, wọ́n ń gbọ́ pé inú ń bí i, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ bóyá *kí* ló ní àbí *tí*, *fún* àbí *sún*. Gbígbé ohùn sókè kò wo èyí sàn, torí béèsì náà ló ń gòkè jù.

Sípíkà àárín ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù lónìí. Ẹ fi sí abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kó yọ dé etí tábìlì kí ojú tábìlì má baà máa ta ìró rẹ̀ padà, kí ẹ fi igi tín-ín-rín gbé iwájú rẹ̀ sókè títí yóò fi kọjú sí etí bàbá. Ẹ gbé àga wọn kúrò lẹ́bàá ilẹ̀kùn wá sí àárín, kí ẹ sì fi mítà kan sún un mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Nínú risífà, ẹ fi 3 dB (ìwọ̀n agbára ohùn) kún sípíkà àárín nìkan, kí ẹ yọ 2 dB lára ti ẹ̀gbẹ́. Ẹ tan ìlànà alẹ́ tí mo sọ fún ìyá ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń sún ariwo àti ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mọ́ra. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ táìlì, ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì sáàárín tẹlifíṣọ̀n àti àga, kí ẹ fi kọ́tìnì tó nípọn sí fèrèsé.

Ohun tí mo ṣe fún ìyá tèmi náà nìyí, gbogbo rẹ̀ ò gbà wá ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo tó mú wọn lọ rí dókítà etí, tó rí i pé etí ọ̀tún wọn lágbára ju tòsì lọ. A wá fi díẹ̀ yí àga wọn, kí etí ọ̀tún kọjú sí sípíkà. Ẹ mú bàbá náà lọ, kó tó di pé ẹ ra ohunkóhun.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí mi lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé sípíkà yẹn sọ̀kalẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Bàbá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.